Ohun Tí Ó Yẹ Kí Ó Wà Lábẹ́ Ọpọ́n Ìwẹ̀

A ti ṣe ìlérí pé ọ̀rọ̀ títọ́jú àgbá omi ní àkókò ẹ̀ẹ̀rùn ni a ó sọ ní ọ̀sẹ̀ yìí, ṣùgbọ́n ìwé kan dé ọwọ́ wa tí kò yẹ kí ó dúró, nítorí pé ẹni tí ó kọ ọ́ ń fẹ́ ìdáhùn kí àwọn oníṣẹ́ tó padà dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Arákùnrin kan ni, ó ń kọ́ ilé lọ́wọ́ ní Òṣogbo, ó sì ti ra ọpọ́n ìwẹ̀ tuntun, èyí tí àwọn ọmọ ìsinsìnyí ń pè ní bátọ́ọ̀bù, irú èyí tí a fi ike àkírílíìkì ṣe. Ó ní púlọ́ńbà òun sọ pé fóòmù inú agolo ni kí òun rà láti fi tẹ́ abẹ́ rẹ̀. Bíríkìlà òun ní rárá o, sìmẹ́ńtì ni. Àbúrò òun tí ó ń ṣe iṣẹ́ àjà ilé ní P.O.P. ṣẹ́kù sí òun lọ́wọ́, òun kò sì ní gba kọ́bọ̀. Ìyàwó òun sì ní iyanrìn kún ojúde, kí ni wọ́n tún ń náwó sí? Ó wá béèrè lọ́wọ́ wa pé ọ̀rọ̀ ta ni kí òun gbà.

Akọ̀wé ni wá, a kì í ṣe oníṣẹ́ ọwọ́. Bí ó bá jẹ́ pé ọ̀rọ̀ yìí kò tí ì kàn wá rí ni, à bá dá ìwé náà padà kí a sì ní kí ó lọ bi ẹni tí ó mọ̀ ọ́n. Ṣùgbọ́n ó ti kàn wá rí, ohun tí ó sì ná wa ju owó lọ.

Ní ọdún 2021, ìyá tí ó bí wa kó kúrò ní Ìsẹ́yìn wá bá wa gbé ní Ìbàdàn. Orúnkún rẹ̀ méjèèjì ni ó ń dùn ún, kò sì lè bẹ̀rẹ̀ mọ́ nídìí garawa omi bí ó ti ń ṣe tẹ́lẹ̀. Omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ ni ó máa ń mú ìrora náà rọlẹ̀ díẹ̀ fún un. Àwa àti ìyàwó wa bẹ̀rẹ̀ sí í fi owó pamọ́ díẹ̀díẹ̀, nígbà tí ó sì tó, a ra ọpọ́n ìwẹ̀ kan tí ó gùn ní sẹ̀ǹtímítà 170, a gbé e sí ilé ìwẹ̀ tí ó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ yàrá rẹ̀ lókè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì, nítorí pé ayálégbé ni ó ń gbé ìsàlẹ̀. A kan irin mọ́ ògiri tí yóò máa dì mú, a sì ṣe àtẹ̀gùn kékeré kan síwájú ọpọ́n náà kí ó má ba à gbé ẹsẹ̀ sókè jù.

Ọ̀dọ́mọkùnrin tí ó bá wa gbé e kalẹ̀ jẹ́ ẹni tí ó mọ ọ̀rọ̀ í sọ. Ó da iyanrìn hẹ́dípáànù mẹ́rin sílẹ̀, ó fi pákó tẹ́ ẹ, ó gbé ọpọ́n lé e, ó lẹ etí rẹ̀ mọ́ ògiri, ó sì mọ búlọ́ọ̀kù sí iwájú rẹ̀, ó fi táìlì bò ó pátápátá. Láàárín ọ̀sán kan ṣoṣo ó ti parí. Bébà tí ó bá ọpọ́n náà wá láti ilé iṣẹ́ tí ó ṣe é, orí rẹ̀ ni ó kúnlẹ̀ sí kí ṣòkòtò rẹ̀ má ba à dọ̀tí. Àwa tí a ti fi ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n tọ́jú ìwé ní ọ́fíìsì dúró níbẹ̀, a wò ó, a kò sì sọ nǹkan kan. Ẹ̀bi yẹn kì í ṣe tirẹ̀, tiwa ni.

Ní ìrọ̀lẹ́, ìyá wa wọlé wá wò ó. Ó bẹ̀rẹ̀ díẹ̀, ó fi eegun ìka rẹ̀ kan ìdí ọpọ́n náà, kó, kó, kó, bí àwọn obìnrin ti í ṣe sí ìkòkò amọ̀ lọ́jà kí wọ́n tó san owó. Ó ní, “Àkànní, abẹ́ ibí yìí ṣófo.” A rẹ́rìn-ín. A ṣàlàyé fún un pé èyí kì í ṣe amọ̀, pé ike ni, àti pé bẹ́ẹ̀ ni ike í dún. Ó ní, “Ó dáa, ẹ̀yin tí ẹ kàwé.”

Kò tó oṣù márùn-ún lẹ́yìn náà. Ní alẹ́ ọjọ́ kan, bí ó ti fẹ́ dìde nínú omi, tí gbogbo ìwọ̀n ara rẹ̀ wà lórí gìgísẹ̀ kan ṣoṣo, a gbọ́ ìró kan, pàá! bí ìgbà tí igi gbígbẹ bá dá. Ìlà kan tí kò nípọn ju irun orí lọ ti là láti etí ihò tí omi ń gbà jáde títí dé ibi tí ẹsẹ̀ rẹ̀ wà. Ọpẹ́ ni pé irin ara ògiri wà lọ́wọ́ rẹ̀, kò ṣubú. Ṣùgbọ́n omi gba ojú ìlà náà lọ, ó rin àjà, ó jò sí orí ibùsùn ayálégbé wa, ó sì ba ìwé ọmọ wọn tí ó ń múra ìdánwò jẹ́. Àjà, ibùsùn àti ìwé, gbogbo rẹ̀ di gbèsè sí wa lọ́rùn. Síbẹ̀, kì í ṣe èyí ni ó dùn wá jù. Ìyá wa gbà pé òun ni òun fọ́ ọ. Nígbà tí ilẹ̀ ọjọ́ kejì mọ́, a bá a lórí ìjókòó tí ó ti di ẹrù rẹ̀. Ó ní ara òun ti wúwo jù fún ilé wa, kí a dá òun padà sí Ìsẹ́yìn kí òun tó wó o lé wa lórí.

A pe ọ̀dọ́mọkùnrin náà lórí fóònù títí. Kò gbé e. Bàbá àgbàlagbà kan, bíríkìlà, tí ó ti ṣiṣẹ́ ní ìdílé ìyàwó wa, ni ó bá wa fọ́ táìlì iwájú, tí ó sì wú ọpọ́n náà kúrò. Ohun tí a rí nìyí: iyanrìn náà ti sá lọ sí ẹ̀gbẹ́ méjèèjì, ó ga níbẹ̀ bí ebè, ní àárín, níbi tí ẹsẹ̀ ń tẹ̀, ihò wà tí àtẹ́lẹwọ́ ènìyàn lè wọ̀ láìfara kan ìdí ọpọ́n. Oríkèé páìpù kan tí ó ń kán díẹ̀díẹ̀ ti rin apá kan rẹ̀, ó sì ti wọ́ ọ lọ. Aáyán sì ti fi ìyókù ṣe ilé. Bàbá náà kò bá wa sọ̀rọ̀. Ìyá wa ni ó pè. Ó ní, “Ìyá, ẹ jọ̀wọ́, ẹ wá wo ohun tí ó fọ́ ọpọ́n yín.” Ó mú ọwọ́ rẹ̀, ó fi í sínú ihò náà. Ìyá wa dákẹ́ fún ìgbà pípẹ́. Lẹ́yìn náà ó ní kí wọ́n bá òun tú ẹrù òun.

Láti ìgbà náà ni a ti ń béèrè, tí a sì ń kà nípa ọ̀ràn yìí. Ẹ jẹ́ kí a sọ ohun tí a kọ́.

Ọpọ́n ìwẹ̀ àtijọ́ jẹ́ irin tí a fi tánganran bò. Ó wúwo ju kílógíráàmù 100 lọ, ọkùnrin mẹ́rin ni í gbé e, ó sì lè dá dúró lórí ẹsẹ̀ mẹ́rin títí ayé láìtẹ̀. Ti àkírílíìkì kò rí bẹ́ẹ̀. Àkírílíìkì ni ike tí ó mọ́ gaara bí dígí, tí kẹ́míísì ará Jámánì nnì, Otto Röhm, àti ilé iṣẹ́ rẹ̀ fi orúkọ Plexiglas tà láti ọdún 1933, tí wọ́n sì fi ṣe fèrèsé ọkọ̀ òfuurufú nígbà Ogun Àgbáyé Kejì. Láti fi ṣe ọpọ́n, a máa ń mú awẹ́ rẹ̀ kan tí ó nípọn tó mìlímítà mélòó kan péré, a ó fi iná mú un rọ̀, ẹ̀rọ yóò sì fa á wọ inú mọ́ọ̀dù. Bí ó ti ń fà ni ó ń tinrin sí i, pàápàá ní àwọn igun. Nítorí náà ni wọ́n ṣe ń fi òwú dígí tí a rì sínú àtè líle lẹ ẹ̀yìn rẹ̀, tí àwọn tí ó dára sì ń ní pákó kan tí a sin sínú ìdí rẹ̀. Gbogbo rẹ̀ kò ju kílógíráàmù 20 sí 30 lọ. Ẹnì kan lè rù ú láti ọjà dé ilé. Ìfúyẹ́ yìí ni ó mú kí gbogbo ènìyàn fẹ́ràn rẹ̀, òun náà sì ni àléébù rẹ̀.

Ẹ bá wa ṣe ìṣirò díẹ̀. Lítà omi kan wọn kílógíráàmù kan. Bí omi inú ọpọ́n bá jẹ́ lítà 130, tí ẹni tí ó wọ inú rẹ̀ sì wọn kílógíráàmù 70, ó di 200, èyíinì ni àpò sìmẹ́ńtì mẹ́rin tí a tò lé ike tí kò nípọn ju ìka ọwọ́ lọ. Bí ènìyàn bá jókòó, ìwọ̀n náà tàn káàkiri. Bí ó bá dìde, ó kó gbogbo ara rẹ̀ jọ sí orí àtẹ́lẹsẹ̀. Bí ibi tí ó tẹ̀ kò bá ní ohun kan lábẹ́, ike náà yóò tẹ̀ wọlé díẹ̀, yóò sì padà bí ẹsẹ̀ bá kúrò. Kò ní là ní ọjọ́ kìn-ín-ní. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá ti ṣẹ́ wáyà láìní ohun èlò mọ̀ bí a ti í ṣe é: a ó tẹ̀ ẹ́ síhìn-ín, a ó tẹ̀ ẹ́ sọ́hùn-ún, títí yóò fi já. Bí ó ti ń tẹ̀ bẹ́ẹ̀ ni oríkèé páìpù tí a so mọ́ ihò rẹ̀ ń mì, tí ó ń tú díẹ̀díẹ̀, tí àtè etí rẹ̀ sì ń ṣí kúrò lára ògiri.

Ohun kejì wà tí a kò mọ̀ rárá kí bàbá bíríkìlà tó sọ ọ́ fún wa. Ike a máa gùn bí ó bá gbóná. Bí a bá da omi gbígbóná sínú ọpọ́n tí ó gùn tó ti ìyá wa, tí ooru rẹ̀ fi ìwọ̀n 20 ti Sẹ́ńtígíréèdì ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, gígùn rẹ̀ yóò fi ju mìlímítà 2 lọ pọ̀ sí i. Bí ó bá tutù, yóò súnkì padà. Sìmẹ́ńtì náà ń gùn, ṣùgbọ́n gígùn tirẹ̀ kò tó ìdá kan nínú márùn-ún ti ike. Nítorí náà, ohun tí yóò wà lábẹ́ ọpọ́n gbọ́dọ̀ gbé e ró gbọn-in láìlẹ̀ mọ́ ọn. Ẹni tí ó bá di ọmọ mú kí ó má ba à ṣubú kò gbọdọ̀ so ó mọ́lẹ̀.

Nísinsìnyí, a padà sí ọ̀dọ̀ arákùnrin wa àti àwọn olùdámọ̀ràn rẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Kí ìyàwó rẹ̀ má ṣe bínú sí wa: iyanrìn nìkan kò tó. Bí ó ti wù kí a tẹ̀ ẹ́ tó, kò ní ohun tí ó so ó pọ̀. Bí ọpọ́n ti ń mì ni ó ń yà sí ẹ̀gbẹ́, bí omi bá sì kàn án, yóò bá omi lọ. Àwọn tí wọ́n mọ òwe ọkùnrin tí ó kọ́ ilé sórí iyanrìn yóò sọ pé ó yẹ kí a ti mọ̀, pàápàá àwa tí a máa ń dúró níwájú ìjọ kà á fún àwọn ẹlòmíràn. Ó yẹ bẹ́ẹ̀ lóòótọ́.

P.O.P. ti àbúrò rẹ̀ kọ́. Ó ní ìwà rere kan: kò tó ọgbọ̀n ìṣẹ́jú kí ó tó le, ó sì máa ń jókòó sí ìrísí ohunkóhun tí a bá tẹ̀ mọ́ ọn. Ní Amẹ́ríkà, àwọn oníṣẹ́ kan máa ń lo oríṣi kan tí ó fara jọ ọ́, tí a po mọ́ òkúta fúlẹ́fúlẹ́, fún irú iṣẹ́ yìí. Ṣùgbọ́n ọ̀tá rẹ̀ ni omi. Bí ó bá ń tutù nígbà gbogbo, yóò rọ̀, omi yóò máa jẹ ẹ́ díẹ̀díẹ̀, bí ẹsẹ̀ ọpọ́n bá sì jẹ́ irin, yóò jẹ́ kí ó tètè dípẹtà. Ilé ìwẹ̀ tí omi kì í kán sí abẹ́ ọpọ́n rẹ̀ láé, a kò tí ì rí i rí. Kí àbúrò fi P.O.P. rẹ̀ pamọ́ fún àjà.

Fóòmù ti púlọ́ńbà kì í ṣe ohun tí a lè fi ẹnu kan kọ̀. Agolo ni ó ń wà. Bí a bá tẹ orí rẹ̀, yóò tú jáde bí ọṣẹ, yóò wú, yóò sì le. Kò wúwo, kì í rà nínú omi bíi P.O.P., ó sì rọrùn fún ẹni tí ààyè ọwọ́ rẹ̀ kò gbà. Wíwú rẹ̀ ni a ń bẹ̀rù. Bí ọpọ́n bá ṣófo nígbà tí a tú u sábẹ́ rẹ̀, fóòmù yóò gbé e kúrò ní ìjókòó rẹ̀, omi tí ó yẹ kí ó ṣàn sí ojú ihò yóò sì máa dúró ní apá kejì. Oríṣi tí kì í wú púpọ̀ wà, ó sì yẹ kí a kún ọpọ́n fún omi kí a tó lò ó. Lẹ́yìn èyí, ọ̀rinrin inú afẹ́fẹ́ ni ó ń mú ti inú agolo le. Bí a bá tú òkìtì ńlá rẹ̀ sí ibi tí afẹ́fẹ́ kò dé, ẹ̀yìn rẹ̀ yóò gbẹ, inú rẹ̀ yóò sì wà ní tútù. Èyí tí ó fúyẹ́ jù lára rẹ̀ a sì máa fún pọ̀ nígbà tí ènìyàn bá ti tẹ̀ ẹ́ fún ọdún mélòó kan. Afẹ́fẹ́ tí ó ń tì í jáde láti inú agolo lè gbiná, nítorí náà kí ẹnikẹ́ni má ṣe mu sìgá tàbí tan àbẹ́là níbẹ̀. Àwọn ilé iṣẹ́ kan gbà kí a lò ó sí abẹ́ ọpọ́n wọn; àwọn mìíràn kọ̀ ọ́ pátápátá, wọn kì í sì í gbọ́ ẹjọ́ ẹni tí ó bá lò ó.

Ọ̀rọ̀ bíríkìlà ni a fara mọ́. Sìmẹ́ńtì tí a fi iyanrìn pò kì í sá, kì í fún pọ̀, kì í gbé ọpọ́n sókè, omi kì í sì í jẹ ẹ́. Kò sì wọ́n: fún ọpọ́n kan, ìdámẹ́rin àpò sìmẹ́ńtì fẹ́rẹ̀ẹ́ máa tó. Ilẹ̀ ilé wa níhìn-ín, kódà ti òkè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì, kọnkéré ni í sábà máa ń jẹ́, kò sì ní kọ ìwọ̀n rẹ̀. Àléébù rẹ̀ kan ni pé kò ní àtúnṣe lẹ́yìn tí ó bá ti le. Bí a bá ṣì í tẹ́, ṣíṣì náà di òkúta. Nítorí náà, ẹ fara balẹ̀ gbọ́ bí bàbá náà ti ṣe tiwa ní oṣù kejì ọdún 2022.

Ó kọ́kọ́ gbé ọpọ́n tuntun náà sí ààyè rẹ̀ láìtẹ́ ohunkóhun. Ó kan pákó gbọọrọ mọ́ ògiri tí etí ọpọ́n yóò fi ara lé, ó fi ìwọ̀n olómi tí bíríkìlà fi ń mọ ohun tí ó tẹ́jú wò ó ní gígùn àti ní ìbú, ó so páìpù mọ́ ihò, ó da omi sí i, ó sì fi ọwọ́ kan gbogbo oríkèé lọ́kọ̀ọ̀kan. Lẹ́yìn náà ni ó wọn àlàfo tí ó wà láàárín ìdí ọpọ́n àti ilẹ̀. Ó tún gbé ọpọ́n náà kúrò. A rò pé ó ń fi àkókò ṣòfò; a sì fẹ́ sọ̀rọ̀, ṣùgbọ́n a rántí pé ìgbà àkọ́kọ́ tí iṣẹ́ yìí yára, a mọ ohun tí ó gbẹ̀yìn rẹ̀.

Ó jọ̀ iyanrìn títí kò fi ku òkúta kan nínú rẹ̀, nítorí òkúta kékeré kan tí ó bá gún ìdí ọpọ́n burú ju àlàfo lọ. Ó po ìwọ̀n sìmẹ́ńtì kan mọ́ ìwọ̀n iyanrìn mẹ́rin, kò sì jẹ́ kí ó ṣàn bí ògì, bẹ́ẹ̀ ni kò jẹ́ kí ó le bí èbà àná. Kò tẹ́ ẹ pẹrẹsẹ bí ẹni tí ń tẹ́ ẹní. Òkìtì òkìtì ni ó ń dá a sí, tí ọ̀kọ̀ọ̀kan fi bí ìka méjì ga ju àlàfo tí ó ti wọ̀n lọ, ó sì fi ààyè sáàárín wọn kí sìmẹ́ńtì tí ọpọ́n bá tẹ̀ lè rí ibi yà sí. Bí ó bá kún jù, yóò ti ọpọ́n náà sókè. Kò dá òkan sí abẹ́ ihò omi àti páìpù, ibẹ̀ gbọ́dọ̀ wà lófo. Orí òkìtì wọ̀nyí ni ó ta ọ̀rá nínípọn sí, ọ̀rá gbọọrọ kan ṣoṣo tí kò ya, kí sìmẹ́ńtì má ba à lẹ̀ mọ́ ọpọ́n. Ọ̀rá yìí ni ó ń jẹ́ kí ike lè máa gùn kí ó sì máa súnkì lórí ibùsùn rẹ̀. Ìyá wa, tí ó jókòó sí ẹnu ọ̀nà pẹ̀lú ọ̀pá rẹ̀ láti òwúrọ̀, béèrè pé kí ni a ń ta ọ̀rá sí. Bàbá náà ní, “Ìyá, bí ewé tí a fi ń pọ́n mọ́ínmọ́ín ni.” Kò tún béèrè mọ́.

Ó gbé ọpọ́n lé e, ó tẹ̀ ẹ́ títí tí etí rẹ̀ fi jókòó lórí pákó, ó tún fi ìwọ̀n olómi wò ó, ó sì fi omi kún un dé ìdajì. Ìwọ̀n omi náà ni ó ń mú ọpọ́n wọ inú sìmẹ́ńtì kí ó sì dúró bí yóò ti dúró nígbà tí ènìyàn bá wà nínú rẹ̀. Ó ní kí ẹnikẹ́ni má ṣe wọ ibẹ̀ di ọjọ́ kejì. Àwa fi ọjọ́ mẹ́ta sí i, nítorí ẹni tí ejò ti bù jẹ rí. Omi ṣì wà nínú rẹ̀ nígbà tí ó fi sílíkónì dí àlàfo etí rẹ̀ àti ògiri, kí ó lè jẹ́ pé ìgbà tí àlàfo náà ṣí jù lọ ni a dí i. Níwájú, kò mọ búlọ́ọ̀kù pa bí ti àkọ́kọ́. Ó fi ilẹ̀kùn kékeré kan sílẹ̀ ní apá ibi tí páìpù wà, tí a lè ṣí nígbàkígbà tí a bá fẹ́ mọ̀ bóyá omi ń kán.

Kí a má gbàgbé ọ̀rọ̀ bébà. Bí bébà tí ó bá ọpọ́n wá bá ta ko ohun tí a kọ sókè yìí, bébà náà ni kí ẹ tẹ̀ lé, nítorí ẹni tí ó ṣe ọpọ́n ni ó mọ ohun tí ó fi sí ìdí rẹ̀. Àwọn ọpọ́n mìíràn wà tí ilé iṣẹ́ ti lẹ fóòmù líle mọ́ ìdí wọn tẹ́lẹ̀, tí ilẹ̀ títẹ́jú nìkan tó fún. Ẹ̀yin ọmọ wa tí ẹ wà ní Ìlú Ọba mọ̀ pé pákó ni ilẹ̀ òkè púpọ̀ nínú ilé níbẹ̀, ọpọ́n tí ẹ sì ń rà a máa ní férémù àti ẹsẹ̀ irin tí a lè yí sókè sódò, tí ọ̀kan nínú wọn ń gbé àárín ró. Bí bébà bá ní férémù náà tó, ẹ má ṣe fi sìmẹ́ńtì kún un; pákó gbígbòòrò ni kí ẹ tẹ́ sábẹ́ àwọn ẹsẹ̀ náà kí wọ́n má ba à rì. Nípa bébà ti ọpọ́n wa kejì, inú fáìlì ni ó wà, a sì kọ ọjọ́ sí orí rẹ̀.

Ní ọjọ́ kẹta, a jẹ́ kí omi inú ọpọ́n náà ṣàn lọ, ìyàwó wa sì nù ún gbẹ. A kò pe ìyá wa. Òun fúnra rẹ̀ ni ó fi ọ̀pá rìn wọlé. Ó di irin ara ògiri mú, ó bẹ̀rẹ̀, ó sì fi eegun ìka rẹ̀ kan ìdí ọpọ́n náà níbi ihò, ó kàn án ní àárín, ó kàn án ní igun méjèèjì. Kò dún kó. Ó dún kẹ́rẹ́, bí ìgbà tí a bá kan ògiri. Ó tún kan àárín lẹ́ẹ̀kan sí i, ó wò wá lójú, àwa kò sì rẹ́rìn-ín lọ́jọ́ náà. Ó yí sí ìyàwó wa, ó ní, “Ìyàwó, bá mi gbé omi kaná.”